Pépà mi ń dúdú bí èédú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi agolo mílíìkì ṣe kámẹ́rà tí ò ní lẹ́ńsì, mo fi ìṣó kékeré lu ihò sí i lára, mo gbé e síwájú ilé lọ́sàn-án gangan, mo ṣí i fún ìṣẹ́jú kan. Ìgbà tí mo fọ pépà fọ́tò tí mo fi sínú ẹ̀, dúdú bí èédú! Mo ní bóyá ìmọ́lẹ̀ ò tó ni, mo bá ṣí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, èyí tún wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí ni kí n ṣe? (Òǹkàwé yín, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ẹ̀yìn lò ń rìn lọ o. Nẹ́gátíìfù ni pépà yẹn, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn níbẹ̀ ló ń dúdú. Tiẹ̀ ti mu ìmọ́lẹ̀ yó bámúbámú, o tún wá ń bu sí i.

Gbé rúlà. Láti ihò dé ibi tí pépà wà nínú agolo, ká ní ó jẹ́ mílímítà 80. Ihò ìṣó yẹn á tó mílímítà 1. Fi 1 pín 80, f/80 ni kámẹ́rà ẹ nìyẹn (bí nọ́ńbà f bá ṣe ga tó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ṣe kéré tó). Àwa onífọ́tò máa ń sọ pé tí oòrùn bá mú ganrínganrín, ní f/16, sẹ́kọ́ńdì kan tá a fi iye ISO (bí fíìmù tàbí pépà ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí) pín ló tó. Pépà ò yára bíi fíìmù, ISO 6 lèmi máa ń kà á sí, torí náà ìdá kan nínú mẹ́fà sẹ́kọ́ńdì. Wá fi 16 pín 80, ó di 5, 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25, ìlọ́po 25 ni àkókò ẹ á fi ju ti f/16 lọ, fi 6 pín in, sẹ́kọ́ńdì 4 àti díẹ̀. Mẹ́rin o! Ìwọ fún un ní 180.

Ju ìṣó yẹn nù jàre. Gé abala kékeré lára agolo mínírà, fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ lu ú, má jẹ́ kó wọlé tán, kó o fi sànpépà họ ẹ̀yìn ẹ̀. Tó bá jẹ́ mílímítà 0.4, f/200 nìyẹn, àkókò di sẹ́kọ́ńdì 26, fọ́tò á sì mọ́ kedere ju ti ìṣó lọ. 26 tún rọrùn fún ọwọ́, torí tó o bá fi sẹ́kọ́ńdì kan ṣì í, kò ní hàn. Tí ìkùukùu bá bo oòrùn, fi ìlọ́po mẹ́rin bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ kọ́kọ́ fi téèpù dúdú dí ihò náà, kó o gbé agolo àti pépà inú ẹ̀ sóòrùn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó o fọ̀ ọ́. Tó bá ṣì dúdú, ìdérí rọ́bà orí agolo yẹn ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, kùn ún ní dúdú tinú tẹ̀yìn.