Ṣé dandan ni kí ìjọ wa ra ìwé ẹ̀rí “Òfin Martyn”?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ìjọ wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan la háyà, àwa nìkan la sì ń lò ó. Bí èèyàn 150 là ń rí lọ́jọ́ Ìsinmi, àmọ́ tó bá di ìkórè àti òru ọdún tuntun, a máa ń tó 260. Ọkùnrin kan wá bá wa pé òfin tuntun ti jáde nítorí àwọn agbésùnmọ̀mí, ká san £1,500 kí òun fún wa ní ìwé ẹ̀rí, ká sì ra kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ara wò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ti ilé náà pa. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló yẹ ká ṣe gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀ fún un. Òfin wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìwé ẹ̀rí kankan nínú rẹ̀, kò sì ní kí ìjọ tó mọ níwọ̀n tiyín ra kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ ayẹ̀wò.

Ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2025 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Òfin Martyn ni wọ́n ń pè é nítorí Martyn Hett, ọ̀kan nínú àwọn 22 tí bọ́ǹbù pa ní Manchester Arena lọ́jọ́ 22 oṣù karùn-ún 2017. Ìyá rẹ̀, Figen Murray, ló ṣe wàhálà rẹ̀ títí tó fi kọjá nílé aṣòfin. Ìjọba fún gbogbo ibi tó kàn ní ó kéré tán oṣù 24 láti fi múra, kò sì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí oṣù kẹrin 2027 tó dé. SIA, àjọ tó ń fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní láìsẹ́ǹsì, ni yóò máa mójú tó o. Ní ti ìdí tí wọ́n fi ka ilé ìjọsìn mọ́ ọn, ẹni tó bá rántí Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù kẹfà 2022 kò nílò àlàyé mi.

Ìpele méjì ló wà: ibi tí èèyàn 200 sí 799 lè wà lẹ́ẹ̀kan náà, àti ibi tí 800 sókè lè wà. Ilé ìjọsìn kì í kúrò ní ìpele kìíní, bó tilẹ̀ gba ẹgbẹ̀rún méjì. Ẹ má rò pé 150 ọjọ́ Ìsinmi yóò yọ yín. Iye tó lè wà níbẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà ni wọ́n ń kà, ìkórè yín sì ti gbé yín kọjá 200. Ẹ ka akọrin, usher, àwọn ọmọdé, àtàwọn tó ń se oúnjẹ lẹ́yìn mọ́ ọn. Ìwé tí ẹ fi ń ka èèyàn ní ìkórè ọdún méjì sẹ́yìn, tàbí iye tí ètò ààbò iná sọ pé ilé náà gbà, ni kí ẹ fi ṣe ẹ̀rí. Ìjọ ló sì ni ẹrù náà, kì í ṣe lánlọ́ọ̀dù, torí ẹ̀yin lẹ ń darí ibẹ̀.

Ohun méjì péré ni òfin fẹ́ lọ́wọ́ yín: kí ẹ fi tó SIA létí pé ẹ wà, kí ẹ sì ní ètò fún nǹkan mẹ́rin dé ibi tí agbára yín bá mọ. Àkọ́kọ́ ni kíkó èèyàn jáde, èkejì ni kíkó wọn wọlé síbi tó láàbò, ẹ̀kẹta ni títi ilẹ̀kùn mọ́ ara yín, ẹ̀kẹrin ni bí ọ̀rọ̀ ṣe máa dé etí gbogbo èèyàn. Ìtanràn tó pọ̀ jù ní ìpele yín ni £10,000, SIA sì lè fi £500 lé e lójúmọ́ tí ẹ bá kọ̀ tí ẹ ò ṣàtúnṣe. Ní ti títi ilé pa tí ọkùnrin yẹn fi dẹ́rù bà yín, ìpele gíga ni àṣẹ bẹ́ẹ̀ wà fún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìjọ ti ń ṣì í ni pé wọ́n á mú ètò iná tó wà ńlẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì yí orúkọ rẹ̀ padà. Tí iná bá ń jó, ìta ni ààbò wà. Tí ẹni tó mú ọ̀bẹ bá wà ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, ìta ni ikú wà. Ẹni tó bá tẹ alámù iná lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ló kó gbogbo ìjọ lọ bá a, síbi kan ṣoṣo tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé àwọn máa ń kóra jọ sí. Alámù iná kò gbọ́dọ̀ jẹ́ àmì ìkọlù láé.

Ẹ wo ilẹ̀kùn yín wò lónìí. Ilẹ̀kùn pàjáwìrì tó ní ọ̀pá tí ẹni tó wà nínú máa ń fọwọ́ tì kó lè ṣí ti dára tẹ́lẹ̀, torí ẹni tó wà níta kò lè ṣí i. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni àga tí wọ́n fi dá a dúró kí atẹ́gùn lè wọlé. Ẹ má fi ṣéènì dè é, òfin iná kò gbà á, ẹ̀yin fúnra yín lè nílò rẹ̀ láti sá. Ilẹ̀kùn onírin tó ń ká sókè nílé ìkẹ́rùsí kì í yára wálẹ̀: ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tó ń gbà, tó bá ti pẹ́ jù, ẹ máa tì í tí ìsìn bá ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn iwájú ló ṣòro jù, nítorí kọ́kọ́rọ́ máa ń wà lápò bàbá ìjọ kan ṣoṣo tó lè má tíì dé. Ẹ fi irú tó ṣeé yí láti inú láìlo kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀. Ní sínágọ́gù Heaton Park ní Manchester, ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá 2025, àwọn tó wà nínú ló fi ara di ilẹ̀kùn tí apànìyàn náà kò fi ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n ìbọn ọlọ́pàá ṣèèṣì ba ọ̀kan nínú wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì kú. Irin ló yẹ kó di ilẹ̀kùn mú. Èèyàn gbọ́dọ̀ lè kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìfitóniléti le ju bó ṣe rí lójú lọ. Nígbà ìyìn, usher tó ń kígbe lẹ́nu ọ̀nà kò ní dé etí ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó jókòó ti ẹ̀rọ ohùn ló lè sọ fún gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ta ló máa pa gbohùngbohùn mọ́ Dádì lẹ́nu nínú ìjọ wa? Ẹ jẹ́ kí pásítọ̀ fúnra rẹ̀ sọ ọ́ níwájú ìjọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, pé ọmọ náà láṣẹ láti gé ohùn láìbi ẹnikẹ́ni. Ẹ má lo ọ̀rọ̀ àṣírí tí àlejò kò ní mọ̀. “Ẹ má jáde. Ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ dákẹ́.” Kí ó sọ ọ́ lédè Yorùbá, kó sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ tẹnu mọ́ “ẹ dákẹ́” ṣáájú ọjọ́ náà, torí àdúrà sókè-sókè máa ń sọ ibi tí èèyàn sá pamọ́ sí.

Ilé ìwé Ìsinmi ni ibòmíì tí ètò ti ń dàrú: òbí á sáré lọ mú ọmọ, á sì ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì. Olùkọ́ ló máa tilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ, òbí kò gbọ́dọ̀ lọ. Ẹ sọ èyí fún àwọn òbí nísinsìnyí.

Ní ti ẹrù tí a kò mọ olówó rẹ̀, lọ́jọ́ ìkórè tí kúlà ìrẹsì kún ilẹ̀, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta: ṣé wọ́n fi pamọ́ ni? Ṣé wáyà tàbí bátìrì hàn lára rẹ̀? Ṣé irú rẹ̀ máa ń wà níbẹ̀? Tí ẹ bá fura, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má pe fóònù láàárín mítà 15 sí i, kí gbogbo èèyàn jìnnà ní mítà 100, ó kéré tán. Tó bá jẹ́ ásíìdì tàbí kẹ́míkà ni wọ́n dà sílẹ̀, ẹ gbé àwọn èèyàn kúrò níbẹ̀, kí wọ́n bọ́ aṣọ òkè tó kàn, kí wọ́n fi nǹkan gbígbẹ nu ara, kí ẹ lo omi púpọ̀ tí ara bá ń ta wọ́n. Gèlè àti agbádá máa ń fa kẹ́míkà mu, kò sí ojú tì nínú bíbọ́ wọn.

Ètò náà kò gbọ́dọ̀ ju ojú ewé méjì lọ. Orúkọ èèyàn méjì ni kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, torí ẹnì kan lè rìnrìn àjò lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí àwọn usher ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ACT lórí ProtectUK, ìkànnì ìjọba lórí ààbò lọ́wọ́ àwọn agbésùnmọ̀mí, kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ ara wọn rin ètò náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 999 ni. Tó bá jẹ́ ìfura lásán, ẹ pe nọ́ńbà tí àwọn ọlọ́pàá yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ agbésùnmọ̀mí: 0800 789 321.

Tí owó bá wà nílẹ̀ tí ẹ fẹ́ ná, ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn iwájú, kí ẹ sì ra báńdéèjì àti okùn ìdẹ̀jẹ̀dúró (tourniquet) sí àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì. Ní Manchester Arena lọ́dún 2017, ó ju wákàtí méjì lọ kí àwọn panápaná tó dé.