Èsì: Àgbo inú ọtí àti àgbo inú omi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ewé dógóyárò tí màmá yín rẹ sínú ògógóró ní Ìkẹ́rẹ́ korò ju èyí tí wọ́n sè lómi lọ. Ẹ wá béèrè èwo ló lágbára jù.

Ọtí máa ń fa àwọn èròjà kan jáde lára ewé tí omi lásán ò lè fà. Ìdí nìyẹn tí àwa náà ní láàbù fi máa ń rẹ ewé gbígbẹ sínú ẹ̀tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí tó wà nínú ògógóró gan-an. Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀, torí èròjà mìíràn ò gba ooru. Nígbà tí Tu Youyou ará Ṣáínà ń wá oògùn ibà lára ewé kan, sísè ló ń ba èròjà náà jẹ́. Ìgbà tó fi ether, kẹ́míkà olómi kan tí kò nílò iná púpọ̀, fà á jáde ló tó rí i mú. Òun ni artemisinin. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 2015.

Àmọ́ ìkorò kọ́ ni agbára o. Bí a bá kán oje ewé sínú abọ́ tí a gbin bakitéríà sí, tílẹ̀ bá mọ́, a ó fi rúlà wọn ibi tó mọ́ roboto yí i ká, níbi tí bakitéríà ò ti lè hù. Inú mi máa ń dùn gan-an bí ó bá fẹ̀! Síbẹ̀, abọ́ ò ní ẹ̀dọ̀, kò ní kíndìnrín. Bí ẹ ṣe ní màmá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mu ti inú ọtí yẹn mọ́ ọn kí ẹ tó bá dókítà wọn sọ̀rọ̀.