Ṣé awakọ̀ bàálù kì í wo iwájú rẹ̀ ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí ní Ọ̀tà. Ọmọ mi ní bàálù kan forí sọ òkè nílẹ̀ Faransé torí pé àwọn awakọ̀ rẹ̀ ṣi nọ́ńbà kan kà. Ṣé wọn kì í wo iwájú wọn ni? Ṣé wọ́n sì ti wá nǹkan ṣe sí i?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, wọ́n wò ó o. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Bàálù Airbus A320 ti Air Inter, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan nílẹ̀ Faransé, ni. Lyon ló ti gbéra, Strasbourg ló ń lọ, lálẹ́ ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 1992. Nínú èèyàn 96 tó wà nínú rẹ̀, 87 kú sórí òkè Sainte-Odile.

Ojú gíláàsì kékeré kan wà níwájú wọn tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún ọkọ̀ bí yóò ṣe sọ̀kalẹ̀. Bọ́tìnnì kan náà ni wọ́n ń yí, ojú kan náà ni nọ́ńbà ń hàn sí, àmọ́ iṣẹ́ méjì ni wọ́n gbé lé e lọ́rùn. Tí wọ́n bá tò ó sí dígírì, "-3.3" á hàn, ìyẹn ìsọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Tí wọ́n bá tò ó sí eré ìsọ̀kalẹ̀, "-33" jẹ́ 3,300 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kan, bí ìlọ́po mẹ́rin ohun tí wọ́n fẹ́. Àmì ẹ̀kán kan ṣoṣo (.) àti lẹ́tà wínníwínní ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn olùwádìí ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé 3.3 ni àwọn awakọ̀ náà fẹ́ tò, tí 33 fi wọlé, àmọ́ òun ni wọ́n gbà pé ó ṣeé ṣe jù. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún tún irú ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe gbà pẹ̀lú wọn. Ilẹ̀ ti ṣú, ìkúùkù bolẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà balẹ̀ yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn méjèèjì ò sì tíì pẹ́ nídìí A320. Ẹni tó ń retí 3.3, tó wá rí 33, ọkàn rẹ̀ ló máa bá a fi àmì yẹn sí i. Ká ní abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló ń sọ eré àti epo nínú bọ́ọ̀sì tìẹ, tó jẹ́ ìwọ ló máa rántí èyí tó ń sọ lọ́wọ́ ńkọ́? Tí wọ́n bá ti ní "àṣìṣe awakọ̀" báyìí, inú máa ń bí mi. Ta ló ṣe ojú gíláàsì yẹn?

Wọ́n ti tún un ṣe: Airbus, tó ṣe bàálù náà, jẹ́ kí "-3300" máa hàn lódindi. Èyí tó ń dùn mí ni ẹ̀rọ tó máa ń pariwo tí ilẹ̀ bá ti ń sún mọ́ bàálù jù. Láti àwọn ọdún 1970 ló ti wà. Wọn ò fi í sínú ọkọ̀ yẹn.