Má tíì sanwó áàpù yẹn, àbúrò mi

Àbúrò mi, o ní ṣọ́ọ̀bù ẹja inú fírísà rẹ ní Challenge n'Ìbàdàn ti ń gbèrú, ẹnì kan sì fẹ́ ta áàpù fún ẹ tí yóò máa dá gbogbo ẹ̀ ṣe: kíka ọjà, gbígba owó, dídá oníbàárà lóhùn, sísin gbèsè. O wá ń béèrè èwo ni kó o kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́. Aṣọ lèmi ń tà lọ́jà Gbági, mi ò mọ ẹja, àmọ́ owó ara mi ni mo fi ra ọgbọ́n tí mo fẹ́ sọ yìí.

Lọ́dún 2023, nígbà tí owó náírà wọ́n bí ojú, kò sẹ́ni tó ń kó owó wá sọ́jà mọ́, tránsífà ni gbogbo wọn ń ṣe. Aṣọ ẹbí ló sì pọ̀ jù nínú ọjà mi. O mọ bó ṣe máa ń rí: ìyá ìyàwó á mú aṣọ, á fún ọgọ́ta èèyàn ní nọ́ńbà àkáǹtì mi, oníkálukú á máa san tirẹ̀. Lórí WhatsApp, Ìyá Tóbi lo mọ̀ ọ́n sí. Orúkọ tó wà lórí àlẹ́ẹ̀tì, ti ọkọ rẹ̀ ni. Ẹnì kan san owó ọ̀pá márùn-ún, ẹlòmíì gèlè nìkan ló san. Títí di aago mọ́kànlá alẹ́ ni mo fi ń jókòó ti ìwé, tí mò ń wá ẹni tó ni owó. Bó ṣe sú mi nìyẹn, mo ní kí ọmọkùnrin kan ṣe ẹ̀rọ áàpù kan sí i fún mi.

Àṣìṣe mi ni pé ohun tó ń bí mi nínú jù ni mo kọ́kọ́ gbé fún un, ìyẹn gbèsè. Ẹni tó bá ti jẹ owó kọjá ọjọ́ méje, kí àtẹ̀jíṣẹ́ lọ bá a laago mẹ́fà àárọ̀. Ó sì ń lọ lóòótọ́, kò jẹ́ gbàgbé. Oníbàárà mi kan wà ní Mọ́níyà, ọdún mẹ́sàn-án la ti jọ ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ kú, ọ̀dọ̀ mi ló ti mú aṣọ òkú, mo ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ká sìnkú tán ná. Àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú gan-an lẹ̀rọ kọ̀wé sí i: "Ẹ kú àárọ̀. Gbèsè yín ti pé ọjọ́ méje. Ẹ san án lónìí." Kò sí ẹ kú àṣẹ̀yìndè, kò sí Ọlọ́run á tù yín nínú. Mo wọkọ̀ lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí nǹkan kan, ó san gbogbo ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sì tíì tẹ ìsọ̀ mi látìgbà náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe. Mo ra ìwé kékeré kan, èmi àti ọmọ tó ń bá mi tajà ń kọ gbogbo iṣẹ́ tá a bá ṣe sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì: ìgbà mélòó lójúmọ́, ìṣẹ́jú mélòó, àti ìgbà mélòó la ní láti bi ẹnì kan léèrè tàbí ká ro ó lẹ́ẹ̀mejì ká tó parí ẹ̀. Ìlà kẹta yẹn ni kó o máa wò. "Níbo ni ìsọ̀ yín wà, aago mélòó lẹ ń tì?" wọlé nígbà 23 lọ́jọ́ kan, ìdáhùn kan náà ni, a kò bi ẹnikẹ́ni. WhatsApp Business ń dáhùn ìyẹn báyìí, mi ò san kọ́bọ̀. Kíka aṣọ tó kù náà ti di ti kọ̀ǹpútà. Àmọ́ iye tí n ó já owó aṣọ sí fún ẹni tó ń nájà, àti ẹni tí n ó ṣe sùúrù fún, ojú èèyàn ni mo fi ń mọ̀ ọ́n.

Wàhálà aṣọ ẹbí tó gbé mi débẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ kọ́ ló yanjú ẹ̀. Mo kàn sọ fún àwọn tó ń mú aṣọ pé kí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn gba owó jọ, kó san án fún mi pọ̀ pẹ̀lú ìwé orúkọ. Ọgọ́ta àlẹ́ẹ̀tì di ẹyọ kan. Nítorí náà, tó o bá rí iṣẹ́ tó ń pa ẹ́ lórí, kọ́kọ́ wò ó bóyá kò ní ṣeé pa rẹ́. (Àti pé má jẹ́ kí fọ́tò àlẹ́ẹ̀tì ṣe ìpinnu fún ẹ láé, inú àkáǹtì ni kó o máa yẹ̀ wò.)

Ní tìrẹ, mo rò pé kátọ́ọ̀nù ẹja ni kó o fi bẹ̀rẹ̀: mélòó wọlé, mélòó jáde, àti bó ṣe wúwo tó. Jẹ́ kí ìwé àti áàpù jọ máa rìn fóṣù kan, nítorí yìnyín á máa yọ́, òṣùwọ̀n rẹ kò ní bá ohun tí áàpù kọ mu, ìwọ ni kó o mọ iye tó yẹ kó dín.

Kó o tó fún ọ̀gbẹ́ni yẹn lówó, ní kó fi hàn ẹ́ lórí fóònù tìrẹ bó o ṣe lè dá àtẹ̀jíṣẹ́ gbèsè dúró fún oníbàárà kan ṣoṣo. Tèmi kò ní irú ẹ̀: bí n kò bá dá ti gbogbo ayé dúró, n kò lè dá ti ẹnì kankan dúró.