Ta ayò kan náà lọ́nà mẹ́ta: ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ fíìmù

Àbúrò, o ní wọ́n ti kọ́ yín ní ọ̀nà tí àwọn ará Jámánì, Ítálì àti Faransé ń gbà ya fíìmù, pé o fẹ́ fi fóònù ṣe fíìmù ìṣẹ́jú 10 tí yóò kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, àmọ́ o ò mọ ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀. Jọ̀ọ́, fi ìṣẹ́jú 10 yẹn sílẹ̀ ná. Ṣe ti ìṣẹ́jú 1, kí ìran náà má yí padà, ọ̀nà tó o gbà yà á nìkan ni kó máa yí. Bí ìtàn àti ọ̀nà bá jọ ń yí padà, o ò ní mọ èwo ló mú kí ọ̀kan dùn ju èkejì lọ.

Lo eré ayò. Èèyàn méjì, ọpọ́n kan, ọ̀rọ̀ ò pọ̀, ọwọ́ àti ojú ló ń ṣiṣẹ́.

Kó o tó dé orí ọ̀nà mẹ́ta náà, kọ́kọ́ gbé fóònù sórí ohun tí kì í mì, kó o ya ayò náà fún ìṣẹ́jú àáyá 50 láìgé e rárá. Bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ya fíìmù, ṣe ya tiwọn ní Faransé ní 1895 nìyẹn, torí okùn fíìmù inú ẹ̀rọ wọn kò gùn ju bíi mítà 17 lọ. Ibi tó yẹ kí kámẹ́rà dúró sí lo máa kọ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wá gé e sí wẹ́wẹ́. Fọkàn fa ìlà kan láti orí ẹni kan dé orí ẹnì kejì, kó gba òkè ọpọ́n kọjá. Ẹ̀gbẹ́ kan ìlà yẹn ni kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà. Tó o bá fò ó sí òdìkejì, àwọn méjèèjì á dà bí ẹni tó jọ ń wo ẹnì kẹta. Ya gbogbo rẹ̀ láti òkèèrè, kí wọ́n tún un ta kó o sún mọ́ ọwọ́, kí wọ́n tún un ta kó o ya ojú. Nígbà tí ọwọ́ bá ṣì wà lójú ọ̀nà, tí kò tíì kan ọmọ ayò, ni kó o gé e. Ojú òǹwòran á tẹ̀ lé ọwọ́ náà lọ, kò ní mọ̀ pé o gé nǹkan kan.

Ọmọ ayò ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Ihò 12, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin. Ìgbà tí wọ́n bá fi máa ta á lẹ́ẹ̀kejì, iye inú ihò ti yàtọ̀. Tí ọwọ́ bá wá ń kó ọmọ 4 nínú ihò tí 2 péré wà níṣẹ̀ẹ́jú àáyá tó ṣáájú, ẹni tó mọ ayò ta á rí i lójú ẹsẹ̀. Kó o tó tẹ kámẹ́rà nígbà kọ̀ọ̀kan, ya fọ́tò ọpọ́n láti òkè, kó o fi dá ọmọ padà sáyè wọn.

Iná ńkọ́? Iná ìjọba wa ní Nàìjíríà, 50 Hz ni, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gílóòbù tó bá wà lórí rẹ̀ sì lè máa ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Férémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan) 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, shutter (àkókò tí férémù kọ̀ọ̀kan fi ń gba ìmọ́lẹ̀) 1/50 ni kó o lò. Tó o bá fi í sí 30 àti 1/60, wàá rí ìlà dúdú tó ń rìn lára ògiri. Tí fóònù rẹ kò bá jẹ́ kó o yí i, áàpù kan tó ń jẹ́ Blackmagic Camera lè jẹ́ kó o yí i bí fóònù rẹ bá gbà á, ọ̀fẹ́ sì ni. Lọ́sàn-án gangan, 1/50 á sọ gbogbo nǹkan di funfun. Abẹ́ igi tàbí òwúrọ̀ ló dáa.

Wàyí o, ọ̀nà ti Jámánì ìgbà 1920 sí 1929, òjìji ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ti fèrèsé, gbé tọ́ọ̀ṣì kan sílẹ̀, ní ìdajì mítà sí àwọn tó ń ta ayò, kí ògiri wà ní mítà 2 lẹ́yìn wọn. Bí tọ́ọ̀ṣì bá ṣe sún mọ́ wọn tó ni òjìji ṣe máa tóbi tó. Tó o bá fi áńkáṣíìfù funfun bò ó, etí òjìji á rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni kí iná ti wá bá awọ dúdú wa. Tó bá ti iwájú wá, iwájú orí nìkan ló máa dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á pòórá. Fóònù á fẹ́ fi agídí sọ òkùnkùn di ìmọ́lẹ̀, àwòrán á wá rí bíi pé wọ́n da yanrìn sí i. Tẹ ojú ẹni náà mọ́lẹ̀ lórí fóònù títí ìmọ́lẹ̀ á fi dúró sójú kan, kó o wá fa ìka wálẹ̀ díẹ̀.

Ti Ítálì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì: lọ sí abẹ́ igi tí àwọn àgbà ti ń ta ayò gan-an, kí wọn, tọrọ àyè. Ariwo ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀ á bo ọ̀rọ̀ wọn mọ́lẹ̀. Púpọ̀ nínú fíìmù Ítálì ìgbà náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti yà á tán ni wọ́n gba ohùn sí i, ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Gba ohùn nínú yàrá tí aṣọ pọ̀ sí, kí fóònù jìnnà sẹ́nu ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Gba ìró ọmọ ayò tó ń bọ́ sínú ihò lọ́tọ̀. Gba ariwo abẹ́ igi fúnra rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kó o tẹ́ ẹ sábẹ́ gbogbo rẹ̀. Láìsí i, gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dákẹ́ máa dà bí ibi tí ohùn ti já.

Ti Faransé, ní nǹkan bí 1960, kò ní kó o ya nǹkan tuntun. Mú àwòrán òkèèrè tó o ti yà, yọ àárín rẹ̀, kí ọwọ́ àti ọmọ ayò fò láti ibì kan sí ibòmíràn. Tó o bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn èèyàn á rò pé àṣìṣe ni. Ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, kí ti àkọ́kọ́ tètè dé, kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá 10.