Lẹ́yìn jàǹbá ojú títì, mi ò rí oorun sùn mọ́: ṣé orí mi fẹ́ dàrú ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ áńbúláǹsì ni mò ń bá ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọkọ̀ epo kan gbiná, a sì gbé ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tó jẹ́ ojúgbà ọmọ mi. Kò dé ọsibítù. Láti ọjọ́ náà, òórùn súyà lásán ti ń rí mi lára, mo máa ń ta gìrì lójú oorun, mo sì ń jágbe mọ́ àwọn ará ilé. Ọ̀gá mi ní kí n ṣe bí ọkùnrin. Ìyàwó mi ní ká lọ ṣe ìṣọ́ òru. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n jókòó, kí n ro gbogbo ohun tí mo rí fún òun kí ó lè kúrò lọ́kàn mi. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn? Àbí orí mi fẹ́ dàrú ni?

ÌDÁHÙN: Orí yín ò dàrú. Ẹ kú ìrọ́jú.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni, ara yín ò tíì kúrò níbi iná yẹn. Nígbà tí èèyàn bá ko irú nǹkan bẹ́ẹ̀, omi ara kan tó ń jẹ́ adrenaline á tú sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkì, ara á wà lójúfò. Ohun tí ọpọlọ bá gbà sílẹ̀ nírú àsìkò yẹn kì í ní ọjọ́ tàbí wákàtí lára. Òórùn ni, ariwo ni, àwọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí èéfín súyà fi ń dá yín padà síbẹ̀ bí ẹni pé iná náà ṣì ń jó. Lọ́dọ̀ àwọn panápaná àti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí mo ti tọ́jú, òórùn ló máa ń pẹ́ jù kó tó fi wọ́n sílẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2018, nígbà tí ọkọ̀ epo gbiná nítòsí afárá Otedola ní Èkó, ọkọ̀ tó ju 50 tó jóná ni gbogbo ayé ń sọ. Ta ló béèrè bí àwọn tó palẹ̀ ibẹ̀ mọ́ ṣe sùn lálẹ́ ọjọ́ náà?

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín dùn mí. Ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀, èyí tó jáde ní 2013, dárúkọ àwọn tó ń kó òkú jọ lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ àwọn tí irú ìpayà yìí lè mú. Kò sọ pé ọkùnrin yọ nínú rẹ̀. Tí ọ̀gá yín bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, kó gbé yín kúrò lẹ́nu iṣẹ́ òru fún ìgbà díẹ̀, kó má sì jẹ́ pé ẹ̀yin náà ló máa gbé ọmọdé mìíràn lọ́la.

Ti ọ̀rẹ́ yín ló gba àlàyé. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ní ìtàn. Jeffrey Mitchell, ará Amẹ́ríkà tó ti ṣe iṣẹ́ panápaná rí, ló gbé ètò kan jáde ní 1983: kí àwọn òṣìṣẹ́ tètè jókòó pọ̀ lẹ́yìn jàǹbá, kí oníkálukú sọ ohun tó rí. Ó tàn kárí ayé. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá wò ó fínnífínní, ìjókòó ẹlẹ́ẹ̀kan bẹ́ẹ̀ kò dènà àìsàn, ó tilẹ̀ dá kún ìrora àwọn kan. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kò fara mọ́ ọn mọ́. Nítorí náà, ẹ sọ ìwọ̀n tó bá wù yín, fún ẹni tó bá wù yín. Ẹ jókòó ti àwọn tí ẹ jọ wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ jọ jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ bọ́ọ̀lù lẹ sọ títí ẹ fi dìde.

Nǹkan kan wà tí ẹ ò kọ sínú lẹ́tà, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n kí ó má wà níbẹ̀: “Ká ní a tètè dé ni.” Tó bá ń jẹ yín lọ́kàn, ẹ bá ẹnì kejì yín nínú ọkọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbà tí ìpè wọlé, ìgbà tí ẹ gbéra, ibi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dá yín dúró, ipò tí ẹ bá ọmọ náà. Ẹ̀bi tí èèyàn ń dá ara rẹ̀ lóru kì í sábà bá ohun tó wà lórí ìwé yẹn mu.

Ẹ bá ìyàwó yín gbàdúrà, ó dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àsìkò ìṣọ́ òru àti ààwẹ̀ nìyí, oorun àti oúnjẹ gan-an ni ara yín ń wá. Ẹ gbàdúrà ní ọ̀sán. Ẹ dín obì tí ẹ ń jẹ kí oorun má bàa gbé yín lẹ́nu iṣẹ́ kù, torí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lára tí ẹ bá délé. Ẹ jìnnà sí paraga àti tramadol. Ẹ má ra Valium fúnra yín ní kẹ́míìsì: WHO kò fọwọ́ sí i fún ìpayà láàárín oṣù àkọ́kọ́. Ẹ sì pa fídíò iná náà rẹ́ lórí WhatsApp yín, ẹ má wò ó mọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rí ìrọ̀rùn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tí oṣù kan bá pé tí kò dẹwọ́, ẹ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní UCH n'Íbàdàn, sí Àrò l'Ábẹ́òkúta, tàbí sí ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá. Kí orúkọ Àrò má ba yín lẹ́rù, ọ̀pọ̀ ló ń rí dókítà níbẹ̀ tí wọ́n sì ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Níbẹ̀, ẹni tó kọ́ṣẹ́ á bá yín padà sínú ìtàn náà díẹ̀díẹ̀, ní bí ìjókòó mẹ́jọ sí méjìlá, kì í ṣe ní ìjókòó kan ṣoṣo.

Àmọ́ bí èrò pé ikú sàn bá wá sí yín lọ́kàn, ẹ má dúró kí oṣù pé. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ìyàwó yín tẹ̀ lé yín lọ, èrò náà sì ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì tí ẹ bá bá níbẹ̀.