Orúkọ 40, máàkì 40, kí ló dé tó di ìlà 1,600?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mo ń kọ́. Mo ní lísìtì méjì, ọ̀kan orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ 40, ìkejì máàkì wọn, mo wá fẹ́ kó máa tẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú máàkì tiẹ̀ jáde. Mo ki lúùpù kan (àṣẹ tó ń tún iṣẹ́ kan náà ṣe fún ohun kọ̀ọ̀kan nínú lísìtì) bọnú ìkejì, ló bá da ìlà 1,600 sí mi lójú, gbogbo èèyàn gba máàkì gbogbo èèyàn. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Àbúrò, ohun tó o ní kó ṣe gan-an ló ṣe. Tí lúùpù bá wà nínú lúùpù, tòde á mú orúkọ kan dání, tinú á sì ka gbogbo máàkì 40 tán kí tòde tó mú orúkọ mìíì, 40 lọ́nà 40 ló di 1,600 yẹn. Ìwọ sì rèé, ńṣe lo fẹ́ kí wọ́n jọ máa rìn ní méjìméjì. zip ló ń ṣe ìyẹn:

for oruko, maaki in zip(awon_oruko, awon_maaki):
    print(oruko, maaki)

Á mú àkọ́kọ́ níbí àti àkọ́kọ́ lọ́hùn-ún, á so wọ́n pọ̀, á mú ìkejì àti ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi tán. Àwọn kan máa ń lo range(len(...)) láti fi nọ́ńbà ipò, ìyẹn i, mú nǹkan látinú lísìtì, ó ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ èmi ò fẹ́ràn ẹ̀, [i] á kàn pọ̀ nínú kóòdù débi pé ojú ò ní tètè rí ohun tó ń ṣe.

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù nìyí, jọ̀ọ́ fara balẹ̀ kà á. Tí máàkì bá jẹ́ 39, bóyá ọwọ́ ẹ fo ẹnì kan nígbà tó ò ń tẹ̀ ẹ́, zip ò ní pariwo, ibi tí lísìtì tó kúrú bá parí sí lòun náà máa dúró, ẹni ogójì á pòórá láìsí error kankan, tó bá wá jẹ́ àárín lo ti fo ẹni yẹn, òun àti gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ló máa gba máàkì ẹlòmíì! Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, ọkàn mi ò balẹ̀ títí mo fi tún gbogbo ẹ̀ kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ zip(awon_oruko, awon_maaki, strict=True), látorí Python 3.10 tó jáde lọ́dún 2021 ló ti wà, tó bá débi tí ọ̀kan ti tán tí ìkejì ò tíì tán, á gbé ValueError jáde, ìyẹn error tó máa jẹ́ kó o mọ̀ pé nǹkan ò pé.

Àmọ́ tó bá jẹ́ tèmi ni, mi ò ní ya orúkọ àti máàkì sọ́tọ̀ rárá. Kọ wọ́n pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, bíi [("Ade", 67), ("Bola", 54)], for oruko, maaki in lísìtì yẹn ti tó, o ò nílò zip mọ́. Dict, tó máa ń fi key kan (ohun tá a fi ń wá nǹkan) tọ́jú ohun kan, náà dáa, .items() lo máa fi kà á, ṣùgbọ́n tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá ń jẹ́ Ade, máàkì ẹni tó o kọ gbẹ̀yìn nìkan ló máa kù níbẹ̀, torí náà nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ ni kó o fi ṣe key, má lo orúkọ.